Àlùbọ́sà: Orúkọ tó La Aṣálẹ̀ Kọjá Kó Tó Dé Ogudu

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ogudu, ní Èkó, àwọn oní-súyà á ti koná lẹ́bàá títì, òórùn ẹran á sì gba àdúgbò kan. Oníbàárà á dúró, á ní, "Àbókí, gé ti ẹgbẹ̀rún méjì fún mi, kí àlùbọ́sà rẹ̀ pọ̀ dáadáa o." Àbókí á ní, "Tó, Àǹtí," á sì ké sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó gbé albasa wá. Bí ẹni tó kàn bá jẹ́ ọmọ Igbo, yabasị ni wọ́n ń pè é nílé tirẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń rẹ́ sínú pépà fún gbogbo wọn. Nínú orúkọ mẹ́ta yìí, méjì jẹ́ ọmọ ìyá kan, ìyẹn albasa àti àlùbọ́sà. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ìyá wọn wà. Kódà, Lárúbáwá fúnra rẹ̀, orúkọ tí Yorùbá fi ń pe àwọn èèyàn náà, ẹnu Hausa ni a ti gbọ́ ọ.

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí a sọ ọ́ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ Yorùbá ló gbà pé ilé ni wọ́n ti bí àlùbọ́sà. Ó dún bí ọ̀rọ̀ wa, ó ní ohùn bíi tiwa, kò sì sí ìyàwó ilé kan tó máa ń ronú pé èdè àjèjì lòun ń sọ nígbà tó bá ní kí ọmọ lọ ra àlùbọ́sà wá. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ń sọ ọ̀nà tí ẹrù gbà dé. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e sẹ́yìn láti Ogudu á gba Mile 12, á gba Kánò, á la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, á sì dé Íjíbítì.

Ìrìn àjò náà kò jìnnà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjà Mile 12 wà ní ọ̀nà Ìkòròdú, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe kan náà tí Ogudu wà. Ẹni tó bá gba Ojota tàbí Alápẹ́rẹ́ jáde sí Kétu á débẹ̀ láìpẹ́, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà fún un. Ibẹ̀ ni tírélà máa ń já àpò àlùbọ́sà sí lóru àti ní ìdájí. Àlùbọ́sà kò fẹ́ràn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà tí òjò ti ń rọ̀ ní àrọ̀ìdá. Ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́, pẹ̀lú oòrùn, àti omi tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fà wá sí oko níwọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Kébì, Sókótó, Kánò, Jígáwá àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká ló ń bọ́ Èkó. Ìlú Aliero ní Kébì gbajúmọ̀ fún un. Lórílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ẹ́, abúlé Galmi ní agbègbè Tahoua ti fi orúkọ rẹ̀ fún irú àlùbọ́sà aláwọ̀ àlùkò kan tí wọ́n ń kó lọ sí Ghana, Tógò àti Ivory Coast.

Àkókò ní ipa púpọ̀ nínú òwò yìí. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbin èyí tó pọ̀ jù, lórí àkùrọ̀ tí Hausa ń pè ní fàdámà. Bí oṣù kejì bá ti wọlé títí dé oṣù kẹrin, ìkórè á pọ̀, owó á sì wálẹ̀. Bí òjò bá ti pọ̀ lókè ọ̀hún, ìṣòro dé, nítorí àlùbọ́sà kì í pẹ́ nínú àká kó tó hù tàbí kó tó rà. Ẹni tó bá ń ra àlùbọ́sà ní Ogudu mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń lọ sópin, iye tó ń ra èyí tó kún ọwọ́ ní oṣù kẹta lè má ra ju ẹyọ mẹ́ta lọ. Nínú ọjà, láàárín àwọn aláàárù àti àwọn oníbàrò, albasa àti àlùbọ́sà ń kọjá lẹ́nu ọlọ́jà kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ń ra aláwọ̀ pupa lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá pẹ̀lú Hausa, ó sì ń yí padà tà á fún alátẹ pẹ̀lú Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ti èdè kan bọ́ sínú òmíràn gan-an nìyẹn, àwọn tó ń ná an lọ́jà ló ń gbé e.

Lédè Lárúbáwá, baṣal ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni nínú ẹbí èdè Sẹ̀mítíìkì. Hébérù ní bāṣāl, Árámáíkì ní irú tirẹ̀, àwọn ará Màlítà, tí èdè wọn jẹ́ ọmọ Lárúbáwá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi álífábẹ́ẹ̀tì Látìnì kọ ọ́, ń pè é ní basla títí dòní. Ìtàn kan náà ló gbé e wọ inú ìwé mímọ́ ẹ̀sìn méjì. Nínú Bíbélì, Númérì orí kọkànlá, ẹsẹ karùn-ún, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí mánà ti sú ń rántí ohun tí wọ́n ń jẹ ní Íjíbítì. Nínú Kùránì, Sūratul Baqara, ẹsẹ kọkànlélọ́gọ́ta, wọ́n ń bẹ Mūsā pé kó bá wọn tọrọ ohun tí ilẹ̀ ń hù. Àlùbọ́sà wà nínú ohun tí ọkàn wọn fà sí nínú ìwé méjèèjì, bāṣāl níbí, baṣal lọ́hùn-ún. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, alubọsa ni wọ́n kọ. Láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ Hébérù náà bá ìbátan rẹ̀ pàdé lórí ìwé Yorùbá, lẹ́yìn tí oníkálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀.

Àwọn ará Íjíbítì kò fi àlùbọ́sà ṣeré láyé àtijọ́. Òpìtàn Gíríkì nì, Herodotus, sọ pé wọ́n kọ iye owó rádíìṣì, àlùbọ́sà àti ààyù tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ sára pírámíìdì ńlá. Nígbà tí wọ́n tú òkú Ramesses Kẹrin, ọba tó wàjà ní nǹkan bí ọdún 1150 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n rí àlùbọ́sà níbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà. Ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ni wọ́n tún fi ń tọ́jú ọba lọ sí ayé kejì.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Àríwá Áfíríkà tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn Berber kan ní Mòrókò ń pe àlùbọ́sà ní azalim. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé ọwọ́ àwọn ará Carthage, tí èdè wọn súnmọ́ Hébérù gan-an, ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ yìí, torí pé -im tó wà nídìí rẹ̀ ni Hébérù fi ń sọ ẹyọ kan di púpọ̀. Róòmù pa Carthage run ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Jésù, orúkọ àlùbọ́sà wọn kò sì tíì kú. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá dé sí àgbègbè náà ní ọ̀rúndún keje lẹ́yìn ìbí Jésù, wọ́n tún gbé baṣal tiwọn dé. Àwọn Berber mìíràn, irú bí àwọn Kabyle ní Àlìjíríà, gba èyí, wọ́n ń pè é ní lebṣel. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé gba orí òkun, èyí tó tẹ̀ lé e sì gba orí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Báwo wá ni baṣal ṣe di albasa? Al- ni àwọn Lárúbáwá máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ láti fi hàn pé ohun tí a ti mọ̀ ni à ń sọ. Al-baṣal túmọ̀ sí "àlùbọ́sà náà." Ẹni tó jẹ́ àjèjì sí èdè kan kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá gbọ́ ló ń mú. Hausa gbọ́ al-baṣal gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan, ó gé l tó wà nídìí rẹ̀ kúrò nítorí fáwẹ́lì ló máa ń parí ọ̀rọ̀ orúkọ Hausa lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì di albasa. Àwọn Zarma ní Nìjẹ̀ẹ́ ní albasan. Yorùbá tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìyá ẹnì kan ní Ogudu bá ní "bá mi mú àlùbọ́sà náà wá," ó ti sọ "náà" lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní èdè Lárúbáwá, lẹ́ẹ̀kan ní Yorùbá.

Irú rẹ̀ pọ̀ nínú èdè wa ju bí a ṣe rò lọ. Àlàáfíà wá láti inú al-ʿāfiya. Àlùbáríkà wá láti inú al-baraka. Àlùmọ́gàjí tí télọ̀ fi ń gé aṣọ wá láti inú al-miqaṣṣ, Hausa pè é ní almakashi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àlìkámà wá láti inú al-qamḥ. Òmíràn sì wà tó wọlé láìgbé al- dání, bíi wàhálà àti wàkátì. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù. Òwú ni qutn lédè Lárúbáwá. Àwọn ará Spéènì, tí àwọn Lárúbáwá gbé láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, mú un pẹ̀lú al-, wọ́n ń pè é ní algodón. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ti bọ́ al- kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń pè é ní cotton.

Ibi tó dùn mọ́ni jù ni ohun tí ẹnu Yorùbá ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Èdè wa kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra láìsí fáwẹ́lì láàárín. Bí l àti b bá fara kan ara wọn, a gbọ́dọ̀ wá ohun kan tì bọ àárín wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ u? Ètè ló fà á. Láti pe b, ètè ní láti pàdé, fáwẹ́lì tó sì máa ń bá ètè rìn ni u. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: àlùbáríkà ní b, àlùmọ́gàjí ní m, àlùwàlá ní w, ètè ni a fi ń pe gbogbo wọn, u ló sì wà níwájú wọn. Nígbà tí kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé l bá jẹ́ k, tí ètè kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, i ni a fi sí i, a ní àlìkámà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ tó láti fi hàn pé ìlànà kan wà. Ètè yìí kan náà ló sọ ba di bọ́ nínú àlùbọ́sà, bó ṣe sọ ma di mọ́ nínú àlùmọ́gàjí. Kò sí ẹni tó jókòó ṣe òfin yìí. Àwọn alátà àti àwọn alásè ló ṣe é lẹ́nu, láti ìran dé ìran, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi di tiwa pátápátá.

Láti Íjíbítì àti etí òkun Àríwá Áfíríkà, ràkúnmí ló gbé òwò la aṣálẹ̀ kọjá. (Ràkúnmí náà, ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti gbọ́ ọ. Raƙumi ni wọ́n ń pè é.) Ẹ̀sìn Islam ti dé ààfin ọba Kánẹ́mù, lẹ́bàá adágún Chad, láti ọ̀rúndún kọkànlá. Ní Kánò, ìwé ìtàn ìlú náà sọ pé nígbà Yaji, ọba tó jẹ láti 1349 sí 1385, ni àwọn oníwàásù Wangara gbé e wọ ìlú. Ibi tí àwọn oníṣòwò àti àwọn alùfáà bá dé, orúkọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń tà ń bá wọn lọ. Láti ilẹ̀ Hausa, àwọn oníṣòwò ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ẹrù lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti lórí aláàárù. Wọ́n ń mú kánún wá, wọ́n ń wá obì lọ. Kánún ni Hausa ń pè ní kanwa. Obì gbàǹja sì ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ Gonja tó wà ní Ghana òde òní, ilẹ̀ tí òwò obì ti lókìkí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ń bá ara wọn ná ọjà kí òyìnbó tó dé, inú agbọ̀n alátà àti igbá olóbì ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ọmọ Èkó bi ara rẹ̀. Etí òkun ni a wà. Àwọn Pọtogí ti ń ná ọjà ní etíkun yìí láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ló sì sọ Èkó ní Lagos nítorí ọ̀sà tí wọ́n rí. Kí ló dé tí a kò gba orúkọ àlùbọ́sà lọ́wọ́ wọn? Cebola ni wọ́n ń pè é, láti inú èdè Látìnì, orúkọ tí àwọn ará Spéènì sọ di cebolla, tí àwọn ará Ítálì sọ di cipolla.

Àwọn mìíràn gbà á. Ní Dakar, àwọn Wolof ń pe àlùbọ́sà ní soble. Ní Accra, àwọn Ga ń pè é ní sabolai. Àwọn Ewe, tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Ghana àti ní Tógò, ń pè é ní sabala. Gbogbo wọn jẹ́ ọmọ cebola, inú ọkọ̀ ojú omi ni orúkọ náà ti sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá rin etíkun láti Senegal bọ̀ wá sí Èkó á gbọ́ orúkọ tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá, á kọjá ilẹ̀ Ewe, á sì wọ ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí orúkọ tí ràkúnmí gbé wá ti gba ìjọba.

Ìdáhùn tó tọ́ ni pé agbára Yorùbá kò sí létí òkun nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wọlé. Ọ̀yọ́-Ilé ló ni agbára, ìlú náà sì wà lókè lọ́hùn-ún nínú ọ̀dàn, kò jìnnà sí odò Ọya. Ẹṣin tí Ọ̀yọ́ fi ń jagun, àríwá ló ti ń rà á. Kánún, ẹṣin, aṣọ àti àlùbọ́sà jọ gba ojú ọ̀nà kan náà. Èkó, tí ó wá di ìlú ńlá lẹ́yìn náà, bá orúkọ náà nílẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò ní 1912, ọ̀nà tí ẹrù fi ń lọ́ra tẹ́lẹ̀ wá yá, ṣùgbọ́n orúkọ ti pẹ́ níbẹ̀ kí irin tó débẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ máa ń yí padà bí ọ̀nà ẹrù bá yí padà. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń jẹ ní Accra lónìí kò bá ọkọ̀ Pọtogí wá. Bawku ní àríwá Ghana àti ilẹ̀ Nìjẹ̀ẹ́ ló ti ń bọ̀, ọwọ́ àwọn tó ń pè é ní albasa ni àwọn ará Accra sì ti ń rà á. Ọjà àlùbọ́sà ńlá tó wà ní Agbogbloshie kó lọ sí Adjen Kotoku ní 2021, àwọn ọlọ́jà yí ibùdó padà, àwọn Ga kò yí sabolai padà. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ là ni orúkọ máa ń rántí.

Bákan náà, bí àwọn Lárúbáwá bá gbé ibì kan pẹ́, kò túmọ̀ sí pé wọ́n á fún àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ gbogbo nǹkan. Swahili ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà kún fún ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ju Yorùbá lọ fíìfíì. Síbẹ̀ kitunguu ni àlùbọ́sà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bantu ni. Nígbà tí wọ́n nílò orúkọ fún ààyù ni wọ́n gba thūm ti Lárúbáwá, wọ́n sì ń pè é ní kitunguu saumu. Gẹ̀ẹ́sì náà kò gba cepa tí ọ̀pọ̀ ará Róòmù ń sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ Róòmù, unio, ló ti inú Faransé wọ inú onion, ó sì jọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé ohun kan jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Columella, ẹni tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, ló sọ pé orúkọ tí àwọn ará oko ń pè é nìyẹn.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ ju ohun tí à ń jẹ lọ. Lédè Lárúbáwá, baṣala tún ni gbòǹgbò róbótó tí òdòdó kan ń hù jáde láti inú rẹ̀, àwọn dókítà sì ń pe ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ okùn ẹ̀yìn, ní baṣala pẹ̀lú. Ní Íjíbítì, bí ayé bá dùn lónìí tó sì korò lọ́la, wọ́n á ní "yom asal, yom basal," ọjọ́ kan oyin, ọjọ́ kan àlùbọ́sà, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì ń bá ara wọn dún. Òwe Hausa jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ lójú ẹni tó bá mọ oko. Wọ́n ní "Albasa ba ta yi halin ruwa ba," pé àlùbọ́sà kò jogún ìwà omi. Omi ni àgbẹ̀ ń fà sí i lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, omi ló fi tóbi, síbẹ̀ títa ló ń ta ojú. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ èèyàn rere tí òun kò sì jọ wọ́n ni wọ́n ń pa á mọ́. Ẹni tó bá ń gbin nǹkan ní fàdámà ló lè ronú kan irú òwe bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò gbin ín tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlùbọ́sà kò fi pọ̀ nínú òwe wa bíi iṣu, àgbàdo tàbí obì.

Inú ìkòkò ló ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo ohun tí ẹnì kan máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata ní ọjà Ogudu. Tòmátì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wá láti inú tomatl tí àwọn Aztec ń pè é ní Mẹ́síkò, ó gba Spéènì, ó gba Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé Èkó. Tàtàṣé wà níbẹ̀, tattasai ni Hausa ń pè é. Rodo wà níbẹ̀, ata ni Yorùbá sọ gbogbo ìdílé rẹ̀ fúnra wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ohun ọ̀gbìn náà ti wá. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Lárúbáwá rẹ̀. Gbogbo wọn wọ ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, wọ́n sì jáde di ọbẹ̀ tí a ń pè ní ọbẹ̀ Yorùbá. Ọbẹ̀ Yorùbá ni lóòótọ́. Ìyá tó ń sè é kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ra gbogbo rẹ̀ fún un láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti san owó rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn ará Èkó rí bí okùn tó so wọ́n mọ́ àríwá ṣe nípọn tó. Rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù ní kí àwọn èèyàn wọn má ṣe kó ẹrù wá sí gúúsù mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye àlùbọ́sà, tòmátì àti ata fò sókè ní Mile 12, àwọn tó ń ra èyí tó máa tó ọbẹ̀ ọjọ́ kan sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí oṣù kẹta bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yanjú rẹ̀ tí tírélà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ń bínú síra wọn nígbà náà jọ ń pe ohun tí wọ́n dá dúró ní orúkọ kan náà.

Ọ̀nà yìí kò sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Hausa náà ti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Aago tó wà lára ògiri ilé Hausa, agogo ni wọ́n ń pè é. Ìṣáná tí wọ́n fi ń dáná, ashana ni. Ẹni tó bá ń ta súyà ní Ogudu ń fi ọ̀rọ̀ tó jáde láti ẹnu Yorùbá dáná, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tó la ẹnu àwọn baba rẹ̀ kọjá fún Yorùbá ní àlùbọ́sà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà kọjá òkun. Kò dé ibi gbogbo tí wọ́n dé. Ní Freetown, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó dó síbẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú Krio, èdè ìlú náà, yabas ni wọ́n ń pe àlùbọ́sà, ó sì jọ yabasị ti Igbo. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, ìtàn náà yàtọ̀. Ìlú Salvador kún fún Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀, àti Hausa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Mùsùlùmí inú wọn, tí wọ́n ń kọ ìwé Lárúbáwá tí wọ́n sì ń jẹ́ Malê láti inú Ìmàle, ló ṣe ọ̀tẹ̀ ńlá ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835. Ní etíkun ilẹ̀ Ewe ni cebola àti albasa ti pààlà. Ní Salvador, wọ́n jọ ń gbé ìlú kan. Ẹni tó bá ń lọ ẹ̀wà tí yóò fi din acarajé, àkàrà wa, á lọ ra cebola lọ́jà. Bí ó bá dé ilé òrìṣà Candomblé, orúkọ tí yóò gbọ́ fún ohun kan náà ni alobaça. Àwọn ilé òrìṣà kan máa ń là á sí mẹ́rin, wọ́n á sì fi béèrè ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi obì aláwẹ́ mẹ́rin ṣe. Àwọn Lùkùmí ní Kúbà náà ní alubosa nínú èdè òrìṣà wọn, láàárín àwọn tó ń pè é ní cebolla nílé ìdáná.